Òṣòdì, Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó àti Ogun Ọdún 1851

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ sọ)

 

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, àwa mélòó kan kọjá sí Erékùṣù Èkó láti lọ fojú rí ibojì Òṣòdì Tápà ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn àgbà sọ pé ìlú wa yìí ń jẹ́. Nínú ọkọ̀, mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa pé, ta ni Òṣòdì? Ó ní, “Orúkọ ibùdókọ̀ ni, bàbá.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé ọkàn. Òun ni ó gbé mi dìde níwájú yín lónìí.

Ọmọ Tápà ni Òṣòdì, ẹrú ni ní ààfin Ọba Ọ̀ṣìnlókun. Ọgbọ́n àti ìgboyà rẹ̀ sọ ọ́ di ìjòyè, ó sì di olórí ogun Ọba Kòsọ́kọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1851, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbógun ti Èkó, àwọn ará Èkó sì lé wọn padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, wọ́n tún dé pẹ̀lú ọkọ̀ ogun àti àgbá ńlá. Wọ́n rọ̀jò ọta lé ìlú lórí, iná sì jó ọ̀pọ̀ ilé. Ogun Àhóyaya ni àwọn baba wa pè é. Kòsọ́kọ́ àti Òṣòdì sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Gẹ̀ẹ́sì dá Akítóyè padà sórí ìtẹ́. Ní ọdún 1862 ni Òṣòdì padà wá sí Èkó. Agbo ilé 21 ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀ dó, ibẹ̀ ni à ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó.

Nígbà tí mo rò ó tán lẹ́bàá ibojì, ọ̀dọ́mọkùnrin náà bi mí pé, “Bàbá, ṣé ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú náà ni ó tún wá ní ẹrú?” Mo dákẹ́ díẹ̀. Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ará, òtítọ́ korò, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ tu ú dànù. Gẹ̀ẹ́sì ní òwò ẹrú ni òun wá pa run. Òtítọ́ ni pé Èkó ń ta ẹrú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a sì tà jẹ́ àgbẹ̀ bí ẹ̀yin, tí a jí gbé lójú ọ̀nà oko. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ nítorí ẹrú nìkan ni wọ́n ṣe wá, kí ni ọkọ̀ ogun Prometheus ń wá ní ọ̀sà wa ní ọdún 1861, tí Ọba Dòsùnmú fi fọwọ́ sí ìwé tí ó gbé Èkó fún wọn? Ẹ jẹ́ kí a di òtítọ́ méjèèjì mú.

Àwa nìkan kọ́ ni irú èyí dé bá. Ìlú àtijọ́ kan wà ní Jámánì tí à ń pè ní Nuremberg. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Hitler ti ń ṣe àpéjọ ńlá lọ́dọọdún láti 1933 dé 1938. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe òfin 1935 tí ó sọ àwọn Júù di aláìnílùú. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kíní ọdún 1945, bọ́ǹbù fọ́ ìlú náà túútúú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ẹjọ́ àwọn olórí Nazi níbẹ̀. Àwọn ará ìlú tún odi àti ilé wọn kọ́, ṣùgbọ́n wọn kò pa ojú àpá náà rẹ́. Ní 2001 wọ́n ṣí ilé ìrántí sínú gbọ̀ngàn tí Hitler fẹ́ fi yangàn, kí ọmọ wọn lè mọ ohun tí àwọn baba wọn ṣe.

Bí wọ́n ti lè ṣe é, àwa náà lè ṣe é. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má sọ ti akọni kí ẹ fi ti ẹrú pamọ́. Òmìnira tí a gbà ní 1960 kì í ṣe ti àsíá nìkan. Ẹni tí ó bá ní òmìnira lè wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ láìbẹ̀rù.

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá pa ẹnu mọ́, kí ni ọmọ yóò bá?