Kí Ló Dé Tí Ológbò Fi Ń Tọ̀ Sára Ògiri Abà?

 

Àwọn kan nínú yín ń sọ pé, “Ìtọ̀ ológbò yìí ti mú kí abà mi máa rùn, n ó lé e lọ.” Àwọn mìíràn ní àjẹ́ ló rán an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lé e. Bí ológbò ò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Ìtọ̀ eku ló sì burú jù: òun àti ìgbẹ́ eku lórí oúnjẹ ló ń kó ibà Lassa ran èèyàn, àìsàn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìpínlẹ̀ Borno.

Ṣé ẹ mọ pèrègún tí a ń gbìn sí ààlà oko? Òórùn ni pèrègún ti ológbò. Òun nìkan ní í dọdẹ, kì í bá ẹgbẹ́ rín. Nítorí náà ó ń fi òórùn sọ fún àwọn yòókù pé, “Ilẹ̀ mi rèé.” Èyí tó bá gbóòórùn náà yóò mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo, yóò sì yà fún un. Ìjà a dínkù.

Ó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu ara igi àti ẹsẹ̀ yín. Ó ń fi èékánná họ igi, torí òórùn wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó sì ń dúró, kọ ìdí sí ògiri, na ìrù sókè, kí ó tó fọ́n ìtọ̀ díẹ̀. Akọ tí a ò tẹ̀ lọ́dàá ló ń ṣe èyí jù.

Ṣùgbọ́n bí ó bá ń lóṣòó léraléra tí ìtọ̀ ò jáde, àìsàn nìyẹn. Ó lè pa akọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Kí wá ni ṣíṣe?

1. Bí ó bá tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà, kí dókítà ẹran tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Púpọ̀ nínú wọn ló ń jáwọ́.
2. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ ibẹ̀. Ẹ má lo Izal, oró ni fún ológbò.
3. Ẹ má nà án. Ìbẹ̀rù a máa mú kó tọ̀ sí i.
4. Ẹ to àpò àgbàdo sórí pákó, kó má kan ògiri, kí ẹ sì bò ó dáadáa. Ológbò nìkan ò lè ká eku tán.
5. Ẹ yẹra fún májèlé eku. Ológbò tó bá jẹ eku tó ti jẹ májèlé lè kú.

Ológbò tó ń pa ààlà ń ṣọ́ abà yín ni. Ẹ tọ́jú rẹ̀.