Àjókù Iná Núkílíà àti Ọkọ̀ Tó Ń Lo Epo Pẹ̀lú Iná
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba ní Tẹ̀dé



Ọ̀rọ̀ iná núkílíà jọ ọ̀rọ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé wa ló ti ń kọjá tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1971 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa uranium, ohun tí wọ́n fi ń ṣe epo núkílíà, ní Arlit, ní orílẹ̀-èdè Niger. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń kó o wá sí Parakou ní orílẹ̀-èdè Benin, tí ọkọ̀ ojú irin á gbà á dé Kútọnu, kó tó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Faransé. Ẹni tó bá dúró ní Ṣakí, tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn àríwá, ọ̀nà Parakou ló kọjú sí. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù Keje 2023, ẹnubodè tì, ẹrù náà sì dúró.

Ilé iṣẹ́ núkílíà ló ń pèsè bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta iná mànàmáná Faransé. Bí epo inú rẹ̀ bá ti jó tó ọdún mélòó kan, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Ṣé ó ti parí nìyẹn? Ẹ̀yin tí ẹ ń sun èédú ní Òkè-Ògùn mọ̀ pé igi tó ti jó dúdú ṣì ní iná nínú. Nínú 100 kílò àjókù yìí, bíi 95 ṣì jẹ́ uranium, bíi kílò kan jẹ́ plutonium, bíi mẹ́rin péré ni eérú gidi. Ní ilé iṣẹ́ La Hague ní Faransé, wọ́n á kọ́kọ́ rì í sínú omi fún ọdún púpọ̀ kó lè tutù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, tí wọ́n á fi ásíìdì yọ́ ọ, tí wọ́n á sì ya ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Wọ́n ń po plutonium mọ́ uranium, ó ń di epo tuntun. Eérú olóró náà ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ mọ́ gíláàsì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ṣọ́ ọ.

Ibi tí ẹ̀rù wà ni plutonium yẹn. Òun ni Íńdíà fi ṣe bọ́ǹbù tí wọ́n dán wò ní 1974. Ní 1977, Ààrẹ Carter dá iṣẹ́ títún àjókù àwọn ilé iṣẹ́ iná ṣe dúró ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì parí tirẹ̀ ní Sellafield ní 2022. Ní Nàìjíríà, ẹ̀rọ núkílíà kékeré kan wà ní yunifásítì Zaria láti 2004, fún ìwádìí nìkan. Ní 2018, wọ́n dá epo rẹ̀ tó lágbára jù padà sí China, wọ́n sì fi èyí tí kò lè di bọ́ǹbù rọ́pò. Ohun tó dára gan-an ni wọ́n ṣe. Orílẹ̀-èdè tí kò ní ilé iṣẹ́ núkílíà kan tó ń pèsè iná kò ní iṣẹ́ kankan nídìí títún àjókù núkílíà ṣe.

Àjókù lè má kàn wá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń lo epo pẹ̀lú iná lè kàn wá. Ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí ní ẹ́ńjìnnì epo, ó tún ní bátìrì ńlá tí a lè ṣáàjì lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe rò pé gbogbo ọkọ̀ haibríìdì tòkunbọ̀ tí ẹ ń rí ló rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kò ní ibi tí a ti ń ki wáyà bọ̀ ọ́. Bátìrì rẹ̀ lè gbé ọkọ̀ rin bíi 50 kìlómítà. Ẹni tó ń ti Tẹ̀dé lọ sí Ṣakí lè má sun epo rárá. Tó bá di Ìbàdàn, epo á gbà á. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ibi tí iná ti ń wá tó tún ń lọ. Ká ní 10 yúníìtì ni 50 kìlómítà gbà, tí yúníìtì kan sì jẹ́ ₦225, iye tí wọ́n gé ní oṣù Kẹrin 2024 fún àwọn tó ń rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́: ₦2,250 nìyẹn. Bí ẹ́ńjìnnì bá sun lítà epo márùn-ún fún ìrìn kan náà, tí lítà kan sì jẹ́ ₦900, ₦4,500 nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí iná kò bá sí, ọ̀pọ̀ àǹfààní bátìrì náà ti sọnù. Ẹni tó bá sì ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì rẹ̀, epo náà ló ṣì ń sun.

Nítorí náà, iná ni ká kọ́kọ́ béèrè. Láti ayé ìjọba Shagari ni iṣẹ́ ìsédò Ìkéré ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, iná mànàmáná sì wà lára ohun tí wọ́n ṣèlérí. Òfin iná mànàmáná ti 2023 ti fún ìpínlẹ̀ láṣẹ láti pèsè iná fúnra wọn. Ẹ̀yin aṣojú wa, ẹ gbé ọ̀rọ̀ Ìkéré dé iwájú ìjọba. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ kọ́ iṣẹ́ bátìrì ńlá yìí lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó ṣí i, torí iná inú rẹ̀ ń pa èèyàn.