Ta Ni Wọ́n Kà Mọ́ Ọn?

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Gonzagueville tí ẹ máa dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo bá wá.

Ẹ mọ̀ bó ṣe ń rí láàárọ̀. Ẹni tó ń lọ sí Plateau láti àdúgbò wa á gba títì Bassam, á kọjá pápákọ̀ òfurufú, á la Treichville já, kó tó gun afárá. Ibi tí gbaka bá já a sí, á tún máa wá woro-woro kiri.

Láti oṣù Kejìlá 2011 sí oṣù Kẹrin 2012, ilé iṣẹ́ Orange kó àkọsílẹ̀ ìpè fóònù nílẹ̀ yìí jọ, bílíọ̀nù 2.5. Wọ́n yọ orúkọ àwọn èèyàn kúrò, wọ́n sì kó o fún àwọn olùwádìí. Àwọn onímọ̀ IBM ní Dublin, nílẹ̀ Ireland, wo òpó tí ìpè kọ̀ọ̀kan bá kọjá, wọ́n fi mọ ibi tí èrò ti ń gbéra àti ibi tí wọ́n ń lọ ní Abidjan. Wọ́n wá bi kọ̀ǹpútà: bí a bá yí ọ̀nà bọ́ọ̀sì SOTRA padà, kí lèrò máa jèrè? Lọ́dún 2013 wọ́n ní àkókò ìrìnàjò lè dín ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun tí Faransé ń pè ní recherche opérationnelle nìyẹn. Kì í ṣe idán. Ìyá alátíéké tó ń ro iye tí òun máa gbé jáde, kó má ṣẹ́kù, kó má sì tètè tán, òun náà ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n ìdá 10 yẹn, ti gbogbo ìlú lápapọ̀ ni. Ká ní ará Cocody jèrè 20 ìṣẹ́jú, tí ìwọ ò jèrè nǹkan kan: ẹ pín in sí méjì, 10 ló ṣì máa jẹ́. Ìyá ẹlẹ́ja tí kò ní fóònù kò tilẹ̀ sí nínú ìṣirò náà. Ṣé ká dín àkókò gbogbo ìlú kù ni, àbí ti ẹni tó ń dúró pẹ́ jù? Kọ̀ǹpútà ò lè yan ìyẹn. Àwọn tí ẹ bá dìbò fún ló máa yàn án.

Mérì kọ́ ló ni SOTRA o. Ìjọba ló ní ìpín tó pọ̀ jù níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ṣe aṣòfin ni kí ẹ kọ́kọ́ bi. Bó bá ní ẹ máa rí bọ́ọ̀sì, ẹ bi í pé: ìṣẹ́jú mélòó la ó máa dúró ní aago mẹ́fà àárọ̀? Ta ló máa wọ̀n ọ́n? Àdúgbò wo ni wọ́n á ti wọ̀n ọ́n?

Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ mú ìwé kékeré, ẹ dúró sétí títì fún àárọ̀ mẹ́ta, ẹ kọ aago tí ẹ dé ibùdókọ̀ àti aago tí ọkọ̀ gbé yín. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18 tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, kó yẹ orúkọ rẹ̀ wò nínú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò kí ọjọ́ ìbò tó dé.