Ogun Dé Ẹnu Odi, Olórí Méjì Ń Du Oyè

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Ko-Koumolou, ní àgbègbè Ìfọ̀nyìn

 

Lálẹ́ àná, nílé tí mo wọ̀ sí, àwọn ọmọdé mẹ́rin rọ̀gbà yí fóònù kan ká, wọ́n ń wo fíìmù. Mo bẹjú wò ó. Róbọ́ọ̀tì ni gbogbo wọn tó wà nínú rẹ̀: eléyìí para dà di mọ́tò, tọ̀hún para dà di bàlúù. Transformers ni wọ́n ń pè é; iléeṣẹ́ Hasbro ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1984, láti ara ohun ìṣeré àwọn ará Japan. Megatron ni olórí ikọ̀ kan nínú wọn. Starscream ni igbákejì rẹ̀, bí ọ̀gá yóò ṣe ṣubú ni igbákejì yìí sì ń wá láàárọ̀ lálẹ́, ọ̀tá ìbáà wà lẹ́nu ọ̀nà. Nínú fíìmù sinimá tí wọ́n ṣe ní 1986, ó ju ọ̀gá rẹ̀ tó fara gbọgbẹ́ sínú òfuurufú, ó sì ní kí wọ́n gbé adé wá. Ìdí rẹ̀ kò tíì mọ́lẹ̀ lórí oyè tí ọ̀gá náà fi padà dé pẹ̀lú ara tuntun, tó sọ ọ́ di eérú.

Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rín. Àfọ̀njá, olórí ogun Ọ̀yọ́ tó wà ní Ìlọrin, ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí oyè tó jẹ. Ìtàn Ọ̀yọ́ sọ pé Aláàfin Àjàgbó ló dá oyè Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò sílẹ̀, pé Kòkòrò Gàngàn ará Ìwoyè ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Láyé ìgbà náà, wọn a fá orí ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọn a sín in ní gbẹ́rẹ́ igba ó lé kan. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ jagun lọ síbi tí Aláàfin bá ní kó lọ. Tó bá di oṣù mẹ́ta tí kò ṣẹ́gun, òkú rẹ̀ ni kí wọ́n gbé wálé. Òfin kan sì tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ di mú: Kakaǹfò kì í gbé Ọ̀yọ́. Ìlú òkèèrè ní etí ilẹ̀ ni ibùjókòó rẹ̀, torí àwọn àgbà mọ̀ pé ọba àti ológun tí kò bẹ̀rù ikú kò lè gbé ìlú kan náà kí ọ̀rọ̀ má di wàhálà.

Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọgbọ́n yẹn bí. Ẹni tí a fi síbi tó jìnnà kí ó má baà figa gbága pẹ̀lú ọba, ibi tó jìnnà náà ló ti ní odi tirẹ̀, ọmọ ogun tirẹ̀, àti ọ̀rẹ́ tí ọba kò mọ̀.

Aláàfin Abíọ́dún wàjà ní 1789, Aólẹ̀ gorí ìtẹ́. Àfọ̀njá tó wà ní Ìlọrin ní òun ni Kakaǹfò kàn, Aólẹ̀ kò sì lágbára láti fi dù ú. Ó fún un lóyè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí yóò ṣe pa á. Ó rán an sí Ìwéré, ìlú orí òkè tí kò ṣeé gbà bọ̀rọ̀, tó sì tún jẹ́ ìlú ìyá Àjàgbó. Bí Àfọ̀njá bá kùnà, òfin oṣù mẹ́ta á mú un. Bó bá sì ṣẹ́gun, ìlú ìyá ẹni tó dá oyè rẹ̀ sílẹ̀ ló fọ́ yẹn. Àwọn ọmọ ogun rí i pé pańpẹ́ ni. Wọ́n yí padà, wọ́n dojú kọ Ọ̀yọ́, wọ́n sì fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí Aláàfin. Ẹ mọ ohun tí igbá òfìfo ń wí: kí ọba gbẹ̀mí ara rẹ̀.

Ìtàn ní kí Aólẹ̀ tó gbé májèlé jẹ, ó ta ọfà mẹ́ta, ó fi ọ̀kan sí àríwá, ọ̀kan sí gúúsù, ọ̀kan sí ìwọ̀-oòrùn, ó ní ibi tí ọfà òun bá lọ ni wọn yóò ti máa kó ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ. Ẹni tó bá dúró ní Ọ̀yọ́ tó ta ọfà sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀yin ará Ko-Koumolou, ẹ jọ̀wọ́, ta ló wà níwájú rẹ̀?

Àfọ̀njá wá di olórí ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé Ọ̀yọ́ lè padà wá bá òun, ó sì mọ̀ pé ogun jíhàádì àwọn Fúlàní ń jó bọ̀ láti òkè. Ibí yìí ni mo ti yapa sí àwọn tó ń sọ pé ìjà oyè fọ́ ọ lójú. Ẹni tó ń du oyè nígbà tí ọ̀tá ń bọ̀ rí ọ̀tá kedere. Ó rò pé òun lè fi ṣe ọmọ ogun ni. Àfọ̀njá pe Àlímì, àlùfáà Fúlàní, wá sí Ìlọrin kó máa ṣàdúà fún un. Ó gba àwọn ẹrú Haúsá tó sá lọ́dọ̀ olówó wọn, ó sọ wọ́n di ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Jàmáà. Ṣọ̀lágbérù, Yorùbá Mùsùlùmí tó lówó lọ́wọ́, kó àwọn èèyàn rẹ̀ jọ sí Òkè Sùnà nítòsí. Jàmáà ń kó ilé, wọ́n ń kó oko. Nígbà tí Àfọ̀njá fi máa fẹ́ tú wọn ká, ọwọ́ rẹ̀ kò ká wọn mọ́. Ní nǹkan bí 1824, wọ́n ká a mọ́ ilé. Ó ránṣẹ́ sí Ṣọ̀lágbérù, Ṣọ̀lágbérù káwọ́ gbera. Wọ́n ní ọfà àti ọ̀kọ̀ tó gún Àfọ̀njá pọ̀ débi pé òkú rẹ̀ kò wó lulẹ̀, orí igi wọn ló dúró lé, tí àwọn tó pa á sì ń bẹ̀rù láti sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni Abdulsalami ọmọ Àlímì di ẹ́míà àkọ́kọ́ ní Ìlọrin. Ṣọ̀lágbérù tó káwọ́ gbera ńkọ́? Wọ́n pa òun náà.

Láàárín àkókò yẹn gan-an, ní nǹkan bí 1823, Gezo ọba Dàhọ̀mì jáwọ́ nínú ìṣákọ́lẹ̀ tí bàbá ńlá rẹ̀ ń san fún Ọ̀yọ́. Ta ni yóò wá gbà á? Ọ̀nà tí Ọ̀yọ́ ń gbà dé Àjàṣẹ́ àti òkun, tó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò àti ilẹ̀ Ànàgó wa yìí kọjá, kò ní olùṣọ́ mọ́.

Ní nǹkan bí 1835, Aláàfin Olúẹ̀wù bẹ Ẹlẹ́dùwẹ̀, ọba Ìbàrìbá, lọ́wẹ̀ kí wọ́n jọ gba Ìlọrin padà. Ogun náà pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn balógun Yorùbá ti ṣèpàdé ní kọ̀rọ̀: bí ọba yìí bá fi lè ṣẹ́gun, àwọn ni yóò kàn. Ọmọọba Àtìbà wà lára wọn. Nígbà tí ìjà gbóná, wọ́n yẹ̀ sẹ́yìn. Olúẹ̀wù kú, Ẹlẹ́dùwẹ̀ kú, Ọ̀yọ́ Ilé sì di ahoro.

Ó yẹ kí ìtàn Àtìbà parí bíi ti Starscream. Kò parí bẹ́ẹ̀. Òun ló di Aláàfin ní Àgọ́ Ọ̀jà tó di Ọ̀yọ́ tòní. Ó fi Olúyọ̀lé ní Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó fi Kúrunmí ní Ìjàyè jẹ Kakaǹfò, ní nǹkan bí 1840 sì ni Balógun Odérìnlọ́ kó ogun Ìbàdàn lọ ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo. Ẹni tó já ọba rẹ̀ sílẹ̀ lójú ogun náà ló tún ilé ṣe. Mo mọ̀ pé kò dùn-ún gbọ́, pàápàá létí ọmọdé, àmọ́ n kò ní tìtorí ìyẹn yí ìtàn padà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ díẹ̀. Kọ̀ǹpútà tòótọ́ tó ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ náà máa ń nílò olórí. Ní 1982, Hector Garcia-Molina ṣe ìlànà kan: ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá tóbi jù ló ń gba oyè, orúkọ tí wọ́n sì fún un ní èdè Òyìnbó ni orúkọ ìpáǹle. Ọ̀nà Àfọ̀njá nìyẹn. Ní 2014, Diego Ongaro àti John Ousterhout ní Yunifásítì Stanford gbé òmíràn jáde, Raft. Olórí a máa ránṣẹ́ léraléra pé òun wà. Bí ohùn rẹ̀ bá dákẹ́, ẹ̀rọ tó bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára á tọrọ ìbò. Kò sí èyí tó lè dìbò lẹ́ẹ̀mejì ní sáà kan. Nínú márùn-ún, mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ gbà. Ibi tó wù mí jù nìyí: olórí àtijọ́ tó ti sọnù, tó ṣì ń rò pé òun lòun jẹ ẹ́, bó bá ti gbọ́ nọ́ńbà sáà tó ju tirẹ̀ lọ báyìí, ojú ẹsẹ̀ ló ń sọ oyè sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ọ̀yọ́, níbi tí kò ti sí irú òfin bẹ́ẹ̀: Àtìbà wàjà ní 1859. Àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Adélù kò kú, oyè ló jẹ. Ìbàdàn gbà, Kúrunmí ní òun ò gbà, pé òfin àtijọ́ ni òun dì mú. Ta ni ọlọ̀tẹ̀ níbẹ̀? Mo ti kọ́ ìtàn yìí lọ́pọ̀ ọdún, mi ò sì lè dá ẹjọ́ náà fún Ìbàdàn tọkàntọkàn. Ogun bẹ́ ní 1860, Kúrunmí kú ní 1861, Ìjàyè fọ́ ní 1862.

Ọ̀tá ìta kò sì dúró dè wọ́n: Dàhọ̀mì kọlu Abẹ́òkúta ní 1851, ó tún padà ní 1864, odi Ẹ̀gbá kò gbà fún un. Kétu ló wá dojú kọ, ó sì sọ ọ́ di ahoro ní 1886. Lọ́dún yẹn, ogun Ìbàdàn tó pọ̀ jù nílẹ̀ Yorùbá wà ní bùdó Ìgbájọ; ó ti tó ọdún mélòó kan tí òun àti ẹgbẹ́ ogun Èkìtìparapọ̀ ti ń yìnbọn lu ara wọn ní Kírìjí.

Mo dúró níbẹ̀ ná. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé tó wà lẹ́bàá ògiri, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè.