Àwọn Òkè Tó Di Erékùṣù

 Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀, ẹ má kánjú. Ọ̀rọ̀ kò ní sá lọ.

Erékùṣù ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Erékùṣù ni ilẹ̀ tí omi yí ká. Ẹ bọ́ síta, kí ẹ wo òkè olókùúta tó wà nítòsí yín. Kí ẹ wá rò ó pé omi ń kún díẹ̀díẹ̀. Ó bo oko iṣu. Ó bo ọ̀nà ọjà. Ó bo òrùlé ilé. Orí òkè nìkan ló ṣẹ́kù tó yọ jáde. Òkè náà ti di erékùṣù nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gánà. Láti 1961 sí 1965, wọ́n mọ ògiri ńlá dí odò Volta ní Akosombo. Omi kó jọ lẹ́yìn ògiri náà, ó sì di adágún tó gùn tó kìlómítà 400. Nǹkan bí 80,000 ènìyàn ló fi ilé bàbá wọn sílẹ̀ fún omi. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá pẹ̀lú: láti 1972 ni iná mànàmáná Akosombo ti ń dé Togo àti ilẹ̀ wa, nígbà tí a ṣì ń pe ilẹ̀ wa ní Dahomey.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ènìyàn ní Gánà. Bí ẹ bá lọ kí wọn, ẹ gba Kútọnu lọ sí Lomé, kí ẹ sì béèrè ọ̀nà Akosombo. Ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé àwọn tó wá gbafẹ́ láti ibẹ̀ lọ sí erékùṣù Dodi. Òkè wà lọ́tùn-ún, òkè wà lósì, omi tẹ́ lọ láàárín wọn. Omi náà kò níyọ̀ bíi ti òkun. Ẹ óò rí àwọn apẹja nínú ọkọ̀ kékeré, tí wọ́n ń da àwọ̀n. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ gbọ́ èyí: fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ ńlá kan, Yapei Queen, fi ń ná Akosombo sí Yeji. Ó ń gbé èrò, ó sì ń gbé iṣu bọ̀ láti òkè ọya wọn. Iṣu náà ń wọkọ̀ ojú omi!

Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí ojú kì í rí. Nígbà tí omi ń kún, wọn kò gé igi inú igbó tán. Igi náà kú, ṣùgbọ́n kò wó. Ó dúró sínú omi títí dòní. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á fà, orí kùkùté á sì sún mọ́ òkè omi. Bí ọkọ̀ bá kọlù ú, pákó á fọ́ tàbí kí ọkọ̀ dojú dé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2006, ọkọ̀ kan tó kó èrò jù dojú dé lórí adágún yìí. Wọ́n ní kùkùté ló kọlù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló bá a lọ, àti ọmọdé àti àgbà.

Nítorí náà, kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ wo ara rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ iye èrò síbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti mọ nọ́ńbà, ẹ kà á, kí ẹ sì ka orí àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Ẹ béèrè ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ fún ọmọ tó bá yín lọ, kí ẹ tó wọ tiyín. Ẹ má wọkọ̀ lóru, nítorí atukọ̀ kò ní rí kùkùté. Bí ọlọ́kọ̀ bá ní kí ẹ fún ara yín mọ́ra, pé ó ku ẹni márùn-ún péré, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹ óò dúró de ọkọ̀ mìíràn. Bó bá bú yín, ẹ jẹ́ kó bú yín.