Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Kúrò Nínú Yàrá

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Nígbà tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera, a mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń retí ni pé kí tíṣà tún wá ka ìwé ìmọ́tótó sí yín létí. A kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni a mú wá.

Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Kẹ̀kẹ́ ní Molútẹ̀hìn! Níbo ni yóò gbà? Omi ni ọ̀nà tiwa, afárá pákó sì ni títì wa. Ní ọjọ́ tí a gbé kẹ̀kẹ́ náà sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ tí ó ti Ìgbókòdá dé, àwọn ọmọdé tẹ̀lé wa dé ẹnu ọ̀nà, ìyá àgbà kan sì bi wá pé, "Tíṣà, ṣé orí òkun ni ẹ ó gùn ún lọ ni?" A dáhùn pé, "Rárá, Ìyá, kò ní kúrò nínú yàrá." Ìyá náà kàn mirí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Láàrin ọdún kan ṣoṣo, méjì nínú àwọn ẹgbẹ́ wa ni ẹ̀jẹ̀ ríru mú lọ, ẹni tí ó dàgbà jù nínú wọn kò tí ì pé ọmọ ọgọ́ta ọdún. Nígbà tí a lọ wọn ẹ̀jẹ̀ tiwa, 168 ni nọ́mbà tí ó wà lókè. Dókítà fún wa ní oògùn, ó sì ní kí a máa rìn kánkán lójoojúmọ́. Kí a rìn níbo? Àwọn baba wa kò nílò irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀, nítorí àjẹ̀ ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀, apá àti àyà wọn ni ẹ̀rọ wọn. Ẹ̀rọ ni ó ń wa ọkọ̀ fún wa lónìí, àwa a sì jókòó bí ẹrù. Pápá tí a ti ń sá eré ìje nígbà tí a wà lọ́mọdé ti wọ inú òkun. Afárá pákó kò sì gba ẹni méjì láti kọjá lára ara wọn, áḿbọ̀sìbọ́sí ẹni tí ń sáré.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní ọdún 2020, ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá níwọ̀nba fún 150 sí 300 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Bí a bá pín 150 sí ọjọ́ márùn-ún, ààbọ̀ wákàtí péré ni ó kan ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá sì rò pé ohun ọmọdé ni kẹ̀kẹ́ tí a ń gùn nínú ilé, kí ó gbọ́ èyí: ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti há gbogbo ayé mọ́lé, àjọ tí ń darí eré kẹ̀kẹ́ ní àgbáyé ṣe ìdíje àkọ́kọ́ irú rẹ̀, tí olúkúlùkù fi wà níbùgbé tirẹ̀ tí ó ń tẹ kẹ̀kẹ́ tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà, fún nǹkan bí kìlómítà 50. Ọmọ Gúúsù Áfíríkà, Ashleigh Moolman Pasio, ni ó gba ipò kìíní láàrin àwọn obìnrin.

Àwa kò ní kọ̀ǹpútà nínú tiwa, kò sì pọn dandan. Irin ìdúró kan wà tí a ń de ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mọ́. Ó ń gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin róbótó kékeré kan tí ń yí. Òòfà tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń dá a dúró díẹ̀díẹ̀, kí ẹsẹ̀ lè rí iṣẹ́ ṣe. A fi pátákó sábẹ́ táyà iwájú kí kẹ̀kẹ́ má baà dorí kodò. Oríṣi kejì wà, irin róbótó gígùn mẹ́ta tí a kò de kẹ̀kẹ́ mọ́ rárá. Ẹni tí kò bá mọ kẹ̀kẹ́ gùn dáadáa yóò ṣubú lórí rẹ̀. A kò gba ẹnikẹ́ni tí ó ti di bàbá tàbí ìyá àgbà níyànjú láti dán an wò.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, gbogbo ilé mì. Orí òpó igi ni ilé wa wà gẹ́gẹ́ bí tiyín, àwo méjì sì jábọ́ nínú ilé ìdáná, wọ́n fọ́. Ẹ fojú inú wo ohun tí ìyá àwọn ọmọ sọ. Káfíńtà kan ni ó là wá lójú: pákó ilẹ̀ a máa mì láàrin ìtì igi méjì, kì í fi bẹ́ẹ̀ mì lórí ìtì igi fúnra rẹ̀. A wá gbé ẹsẹ̀ irin náà dábùú orí àwọn ìtì igi, a ká ògbólógbòó àwọ̀n ní ìlọ́po mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀, a sì tẹ́ rọ́bà lé e. Láti ìgbà náà, àwo kan kò tún fọ́.

Ooru ni ìṣòro kejì. Nínú agbára tí ara ń ná lórí kẹ̀kẹ́, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ń yí kẹ̀kẹ́. Ìyókù di ooru. Ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ lójú títì, atẹ́gùn ìrìn rẹ̀ ń tù ú lára. Ẹni tí ó dúró sójú kan kò ní irú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní fáànù, kí ó gbé e síwájú. Ẹni tí kò ní, kí ó lo ohun tí Ọlọ́run fún wa. Lójú ọ̀sán, láti òkun ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá sórí ilẹ̀, nítorí náà fèrèsé tí ó kọjú sí òkun ni a gbé kẹ̀kẹ́ tì, a sì ń gùn ún ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn kan náà ni ó ń gbé iyọ̀ wọlé. Iyọ̀ òkun àti iyọ̀ òógùn yóò jẹ irin tán láàrin oṣù díẹ̀, bí a kò bá fi omi tútù nù ún lójoojúmọ́ kí a sì fi òróró sí ṣéènì. Omi mímu kò gbọdọ̀ jìnnà sí ọwọ́. Ní ti ìjókòó, ẹ gbé e sókè títí ẹsẹ̀ yóò fi nà gbọọrọ nígbà tí gìgísẹ̀ bá wà lórí ibi ìtẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀; ẹni tí ó bá jókòó rẹlẹ̀ jù, orúnkún ni yóò fi sanwó.

Ìbéèrè tí ó wú wa lórí jù, ìyá àwọn ọmọ ni ó bi wá á, ní òru ọjọ́ kan tí ìgbì ń lu òpó ilé. Ó ní, "Bàbá, ẹ ń tún yàrá ṣe nínú ilé tí òkun ń bọ̀ wá gbà?" A kò rí èsì fọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí òkun ti ṣe ní Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947 tí gbogbo ènìyàn ń yìn. Àìmọye ilé ibẹ̀ ni ó ti lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a tú gbogbo ìṣó tí a ti kàn mọ́ ògiri. Ohun gbogbo tí ó wà nínú yàrá náà lónìí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a fi lè tú u, ó sì gba inú ọkọ̀ kékeré kan. A ti dán an wò. Bí a bá ní láti ṣí lọ, ara tí a ti tọ́jú yóò bá wa lọ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù, a gbọ́ pé irin ìdúró wọ̀nyí wà nínú ilé yín tí ẹ ń sá aṣọ lé lórí. Ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí wa. Méjì péré tó fún gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa, bí ìgbìmọ̀ bá yọ̀ǹda yàrá ẹ̀yìn tí a ń kó àga àti agbòòrùn sí.

Nọ́mbà tiwa ti di 142 báyìí, a kò sì dá oògùn dúró, nítorí dókítà kò sọ pé kí a dá a dúró. Kí ẹni tí àyà ń dùn tàbí tí òòyì ń kọ́ kọ́kọ́ lọ rí nọ́ọ̀sì kí ó tó gun kẹ̀kẹ́. Àwa mẹ́rin ni a ń pàdé nínú yàrá náà nísinsìnyí, ìyá àgbà tí ó bèèrè ọ̀rọ̀ òkun sì jẹ́ ọ̀kan nínú wa. Ọjọ́ Ẹtì ni tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wá wò ó, kí ó wá lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti jáde, kí ó sì mú aṣọ ìnura tirẹ̀ lọ́wọ́.