Ipasẹ̀ Ìyá: Bí A Ti Ń Wá Ìtàn Ìdílé Òṣìṣẹ́ ní Ìlú Dundee



Ọ̀rọ̀ tí a ó sọ ní ọjọ́ òní jẹ́ nípa ìtàn àwọn tí a kì í sábà kọ ìtàn wọn. Ìtàn ọba kò ṣòro láti rí. Ààfin rẹ̀ ń bẹ, òpìtàn rẹ̀ sì ń bẹ. Ìtàn ọlọ́rọ̀ pẹ̀lú rọrùn, nítorí ilẹ̀ rẹ̀ àti ìwé ogún rẹ̀ ń jẹ́rìí fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀rọ, tí ó gbé inú yàrá tí ó háyà, tí a sì sin ín láìsí òkúta ìrántí, níbo ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò ti wá a rí? Ìdáhùn wa ni pé, ní ilẹ̀ Skọ́tlándì, a lè rí i, bí a bá mọ ẹni tí a ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ẹni náà ni ìyá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìlú tí a ń sọ. Dundee wà ní etí odò Tay, ní ìlà-oòrùn Skọ́tlándì. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, jute ni ó sọ ọ́ di ìlú ńlá. Èèpo ewéko kan ni jute, ìbátan ewédú tí àwa ń sè lọ́bẹ̀. Láti Bengal ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó o wá. Ó gbẹ, ó sì le jù fún ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n àwọn ará Dundee, tí wọ́n ń dọdẹ ẹja àbùùbùtán lójú òkun, fi òróró ẹja náà àti omi mú un rọ̀. Òun ni wọ́n fi ń hun àpò ìdọ̀họ tí a ń kó ẹrù sí. Ènìyàn rọ́ wá láti ìgbèríko àti láti Írẹ́lándì, tó bẹ́ẹ̀ tí iye ará ìlú fi ju 160,000 lọ ní 1901.

Obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀rọ náà, nítorí ọ̀yà wọn kéré sí ti ọkùnrin. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ni a sì ń dá dúró nígbà tí wọ́n bá tó ẹni tí ń gba owó àgbà. Nítorí náà, ní ilé púpọ̀, aya ni ń jáde lọ síbi iṣẹ́, ọkọ a sì máa tọ́jú ilé. Wọ́n a máa fi irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n a pè é ní ẹni tí ń se kẹ́tùlù.

Wàyí o, báwo ni a ti ń ṣe ìwádìí náà?

Èkíní: láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù January 1855 ni òfin ti pàṣẹ pé kí a kọ gbogbo ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sínú ìwé ìjọba. Ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú ìwé wọ̀nyí ni pé orúkọ ilé baba ìyá kò sọnù níbẹ̀. Ìwé ikú a máa dárúkọ baba àti ìyá olóògbé, ìwé ìgbéyàwó a sì dárúkọ àwọn òbí ọkọ àti ti aya. Láti 1861, ìwé ìbí pẹ̀lú ń sọ ọjọ́ àti ibi tí àwọn òbí ọmọ náà gbé ṣe ìgbéyàwó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ikú, kí ẹ máa gòkè lọ, bí ẹni tí ń gun àkàbà.

Èkejì: ìwé ìkànìyàn. Láti 1841 ni a ti ń rí orúkọ, ọjọ́ orí àti iṣẹ́ olúkúlùkù nínú rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, àfi 1941 tí ogun dí i lọ́wọ́. Láti 1861, wọ́n tún ń ka iye yàrá tí ó ní fèrèsé. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí ènìyàn mẹ́jọ nínú yàrá kan ṣoṣo, láìsí ẹni tí ó ráhùn. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni a fi ń pa ìwé náà mọ́. Ní 2022 ni a ṣí ti 1921 sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta: òfin ìrànlọ́wọ́ àwọn aláìní, ti 1845. Nígbà tí òpó bá dé ẹnu ọ̀nà oníṣẹ́ àánú ìlú, wọn a bi í léèrè ibi tí a gbé bí i, iṣẹ́ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀, wọn a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ṣe ni láàánú pé nígbà tí ìyà bá pọ̀ jù ni àkọsílẹ̀ a máa kún jù.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Àwọn náà mọ̀ pé ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Àṣà púpọ̀ nínú wọn ni kí àkọ́bí ọkùnrin jẹ́ orúkọ baba baba rẹ̀, kí àkọ́bí obìnrin sì jẹ́ orúkọ ìyá ìyá rẹ̀. Nítorí náà ni ẹ ó fi bá ènìyàn mẹ́ta pàdé ní àdúgbò kan tí orúkọ wọn jẹ́ ọ̀kan. Ẹ má gba èyíkéyìí nínú wọn títí orúkọ ìyá yóò fi bá a mu.

Ẹ wo ìdílé Mary Slessor, ẹni tí a mọ̀ ní Kàlàbá. Aberdeen ni a bí i sí ní 1848, ṣáájú òfin 1855. Ìwé ìjọ ni a ó ti wá irú ìbí bẹ́ẹ̀. Ní 1859 ni wọ́n kó lọ sí Dundee, nítorí náà ìkànìyàn 1861 ni a ó yẹ̀ wò níbẹ̀. Robert, baba rẹ̀, jẹ́ aṣebàtà, ṣùgbọ́n ọtí bà á jẹ́. Mary Mitchell, ìyá rẹ̀, ahunṣọ, ni ó gbé ilé náà ró. Ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, Mary ọmọ rẹ̀ bá a wọ ilé ẹ̀rọ Baxter Brothers: àbọ̀ ọjọ́ nídìí ẹ̀rọ, àbọ̀ ọjọ́ nínú ilé-ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti dàgbà kí ó tó wọ ọkọ̀ wá sí Kàlàbá ní 1876.

Ẹ kíyèsí èyí. Nínú ìwé ìbí ìgbà náà, iṣẹ́ baba ni a máa ń kọ. Ti ìyá tí ó wà nílé ọkọ, a kì í sábà kọ ọ́. Ẹni tí ó bá dúró lórí ìwé ìbí nìkan yóò rò pé aṣebàtà ni ó bọ́ irú ìdílé bẹ́ẹ̀. Ìwé ìkànìyàn, ìwé ìgbéyàwó, àti ìwé àwọn ilé-iṣẹ́, bí irú ti Baxter Brothers tí ó wà ní ilé ìpamọ́ ìwé Yunifásítì Dundee, ni ó lè fi ọwọ́ tí ó ṣiṣẹ́ náà hàn.

Ilé ẹ̀rọ jute ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Dundee kí ọdún 2000 tó dé. Ariwo rẹ̀ ti dákẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn obìnrin náà ṣì wà nínú ìwé. Ẹnikẹ́ni nínú ọmọ wọn tí ó bá fẹ́ sọ pé òun mọ orírun òun, kí ó béèrè orúkọ baba, kí ó sì béèrè orúkọ ìyá pẹ̀lú, àti iṣẹ́ tí ó ṣe. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.